Géèmù Contra, Ẹnìkejì àti Ẹ̀kọ́ Yorùbá ní Ìlọrin

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan gbé géèmù Contra jáde ní ọdún 1987, inú àpótí ńlá tí ènìyàn ń ju owó onírin sí kí ó tó lè ṣeré ni ó wà. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé Ìlọrin: inú kásẹ́ẹ̀tì tí a ń kì bọ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí pádì méjì sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2024, Konami tún géèmù náà ṣe, ó sì pè é ní Contra: Operation Galuga. Àwòrán rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí kò yàtọ̀ ni pé ènìyàn méjì ṣì lè jókòó ti ara wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n kan, kí wọ́n jọ ta á.

Láàrin àwọn olùkọ́ Yorùbá, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé ọ̀tá èdè ni géèmù. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adéwọlé tàbí Gàá-Àkàńbí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ eré ìdárayá, yóò kọ ayò ọlọ́pọ́n, òkòtó, àrìn àti bojúbojú sójú pátákó. Àwọn ọmọ yóò dà á kọ, agogo yóò sì lù. Bí ó bá dárúkọ géèmù rárá, ìbáwí ni. Èyí kò tọ̀nà. Dídá ta géèmù ni ó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́, kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀.

Nínú Contra àtijọ́, ìpele kan wà tí àwọn jagunjagun méjèèjì ti ń fò gun àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí ń já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá yára jù ni àwòrán ń tẹ̀ lé. Ẹnìkejì tí ó bá kù nísàlẹ̀ yóò kú, bí ọta kankan kò tilẹ̀ bà á. Dandan ni kí wọ́n sọ̀rọ̀, láàrin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Ìlọrin, Yorùbá ni wọn yóò sì sọ: "Ẹ dúró dè mí!" "Má tíì fò!" "Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!" Bí ohun ìjà tí a kọ S sí lára, èyí tí ń tu ọta márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, bá fara hàn, àríyànjiyàn dé: "Ẹ̀yin lẹ mú un lẹ́ẹ̀kan, èmi ló kàn." Gbólóhùn àṣẹ wà níbẹ̀, ìyísódì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ̀yin" yẹn gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ fetí sí. Ọta ń fò, ikú ń bọ̀, síbẹ̀ àbúrò kò gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n òun ni òun ń pàṣẹ fún. Kò sí ohunkóhun lójú tẹlifíṣọ̀n tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ayò rí. Ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a máa dá sí i. Bí dàdàkúàdà kò ṣe dùn láìsí elégbè ni ayò kò ṣe dùn láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí a wá gbé ayò sórí fóònù, tí ènìyàn ń bá ẹ̀rọ ta á, ihò 12 pé, ọmọ ayò 48 pé, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, tí ó jẹ́ ìbátan ayò. Ipò tí wọ́n yẹ̀ wò ju bílíọ̀nù 889 lọ, wọ́n sì rí i pé ọ̀mì ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rọ tí ó mọ gbogbo ìyẹn kò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bú òpè. Ọmọ tí ó di etí, tí ó ń bá àjèjì ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: bí yóò bá sọ̀rọ̀ rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ibi tí ọmọ ti ń sọ Yorùbá láìsí ẹni tí ó rán an kò pọ̀ tó èyí tí olùkọ́ Yorùbá yóò máa lé e kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ogun àti ìbọn ni Contra. Òótọ́ ni. Bubble Bobble ti ilé-iṣẹ́ Taito, tí ó jáde ní ọdún 1986, kò ní ìbọn. Ìfófòó ni wọ́n ń fẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2019, Bubble Bobble 4 Friends, sì gba ènìyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ti owó ẹ̀rọ àti iná mànàmáná le jù ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ra ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta géèmù nílé lè kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, kí àwọn méjì ṣe é níwájú kíláàsì, kí olùkọ́ sì bi wọ́n ìdí tí ẹnìkan fi ń sọ "ẹ" tí èkejì ń sọ "o". Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá ṣe èyí lẹ́yìn tí ó ti kọ ayò sójú pátákó kò tíì yà kúrò nínú iṣẹ́ tí a yàn fún un, olùkọ́ àgbà tí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò sì gbọdọ̀ yọ máàkì rẹ̀ nítorí rẹ̀.