Sí Gómìnà Sanwo-Olu: Ẹ Ya Etí Ọ̀sà Awoyaya Sọ́tọ̀ Kí Ilẹ̀ Ibẹ̀ Tó Tán

Ọlọ́lá Gómìnà Babajide Sanwo-Olu, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún: kí ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ létí ọ̀sà lágbègbè Awoyaya, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rìn, jókòó, ṣeré, kó sì tu ọkọ̀, láìsanwó lẹ́nu géètì. Ọ̀sà wà ní àríwá wa, òkun wà ní gúúsù, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ létí omi lọ́jọ́ Sátidé, àfi kó lówó ìwọlé lọ́wọ́ tàbí kó mọ ẹni tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì. Adágún omi tó rẹwà wà ní Lakowe tó múlé tì wá, àmọ́ inú ọgbà gọ́ọ̀fù aládàáni ló wà. Mi ò bá wọn jà. Owó wọn ni wọ́n ná. Ti mẹ̀kúnnù ni mò ń bèèrè.

Ìdí tí kò fi yẹ ká fi í dọ̀la hàn nínú ohun tí Èkó ti fojú rí. Ní 1990 ni àjọ Nigerian Conservation Foundation dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀ lórí hẹ́kítà ilẹ̀ 78. Lónìí, ilé ti yí ọgbà náà ká, síbẹ̀ ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi níbẹ̀, torí wọ́n dá a sí kí owó ilẹ̀ tó wọ́n gógó. Etíkun Bar Beach ní tiẹ̀ kò ríbi sá sí. Òótọ́ ni pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì yẹ ká dí i. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo Èkó ti ń ṣe fàájì tẹ́lẹ̀ ti di Eko Atlantic. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ lákòókò: ó ṣì kéré ní 1836 nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán ìlú pé kí apá kan etí adágún Michigan wà fún gbogbo ènìyàn títí láé, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀. Láti 1890 ni oníṣòwò kan, Montgomery Ward, ti ń fi àkọsílẹ̀ yẹn pẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ká ní wọn ò kọ ọ́ ni, kí ni ì bá gbé dé kóòtù?

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ẹbí ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún yín lágbára láti gbà á fún ìlò aráàlú, ó sì ní kẹ́ ẹ san owó ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀. Bí ilé bá ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni owó náà á máa ga. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí onílẹ̀ pàdánù: kí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa darí ibẹ̀, kí ìsọ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ kàn wọ́n, kí ẹ sì fi èbúté àwọn apẹja sílẹ̀ fún wọn. Àwọn mìíràn á ní omi á gbé ọmọ lọ. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àmọ́ ọmọ tí kò ríbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ni ló ń wẹ̀ nínú ọ̀gbun tí àwọn awayanrìn gbẹ́ sílẹ̀. Ibi tí okùn ti pààlà, tí òmùwẹ̀ sì ti ń ṣọ́ni, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ìtọ́jú, LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọgbà ìgbafẹ́, ti wà láti 2011, iṣẹ́ wọn ni.

Sáà yín máa parí lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2027. Kí àwọn awọnlẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí, kí ààlà ilẹ̀ náà sì wọ ìwé gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, kí gómìnà tó ń bọ̀ má baà rí i pín.