Kí Á Tó Da Omi Ẹ̀gẹ́ Sódò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ajílẹ̀ Ekòló

Ọ̀rọ̀ omi ni mo mú wá lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló kan alájẹṣẹ́kù níbẹ̀. Ó kàn wá o. Àwa la ń lọ ẹ̀gẹ́, àwa la ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, àwa náà la sì ń jẹ́ kí omi rẹ̀ máa ṣàn lọ. Òfíkì ń wọ inú Ògùn, Ògùn ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ohun tí a bá dà níhìn-ín, ẹlòmíràn ni yóò bù ú.

Àwọn àgbà inú wa ṣì rántí sòbìà, bí ó ṣe ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní Ìdèrè àti Igbó-Ọrà lásìkò iṣẹ́ oko gan-an. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tó lé e lọ. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè sẹ́ ohun tó ti yọ́ sínú omi: oró inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, tàbí òjé tó ń jáde lára bátìrì ọkọ̀ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Òjé kì í ṣeré. Ní 2010 ó pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á yẹ ajílẹ̀ ekòló wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ekòló tí à ń fi pẹja. Bí ó bá jẹ ewé àti ìgbẹ́ màlúù tán, ohun dúdú tó máa ń yà sílẹ̀ yìí, òjé àti bàbà inú omi a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀. Aró náà a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1992, ọ̀jọ̀gbọ́n José Tohá ní Yunifásítì Chile gbé ọ̀nà kan jáde: kí á da omi ìdọ̀tí sórí èérún igi tí ekòló ń gbé, kí òkúta wà nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ekòló tí wọ́n ń sìn jù lókè òkun, Eudrilus eugeniae, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Wọ́n ń fowó rà á. Àwa ń fi ọkọ́ gé e sí méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé omi náà ti di mímu o. Ìgbẹ́ ni. Omi tí a fẹ́ dà nù la fẹ́ fi tọ́jú.

Ẹ̀yin ìyá wa onígàrí, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ jáàkì jáde yóò pa ekòló. Kí ó kọ́kọ́ jókòó sínú kòtò, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá a, kí á bu eérú sí i, kí á fi omi là á. Ẹ fi ekòló mélòó kan dán an wò nínú abọ́; bí wọ́n bá ń wá ọ̀nà àtisá, kò tíì tó. Ti mẹkáníìkì yàtọ̀: ajílẹ̀ gbígbẹ nínú àgbá ti tó, kò nílò ekòló láàyè. Ṣùgbọ́n ásíìdì bátìrì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí yóò tú òjé kúrò lára ajílẹ̀ padà sínú omi.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé. Òjé kò kú, ilé ló pààrọ̀. Ajílẹ̀ tó ti mu òjé yó ṣì dúdú, ó ṣì dà bí ilẹ̀ ọlọ́ràá, mo sì mọ àwa ọlọ́jà: ẹnìkan yóò dì í sápò tà fún ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ọbẹ̀ wa ni yóò bá wọlé. Inú àgbá tó lómọrí, lórí sìmẹ́ńtì, lábẹ́ òrùlé ni kí ó wà.

N kò ní kí ẹgbẹ́ yáwó. Ìdí ẹ̀rọ gàrí kan ní Èrúwà àti ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní Igbó-Ọrà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tó yẹ kí owó lọ ni àyẹ̀wò: ìgò omi kan kó tó wọ àgbá, ìgò kan lẹ́yìn tó jáde, kí á gbé méjèèjì lọ sí Ìbàdàn, nítorí ojú lásán kò rí òjé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á fẹnu kò lórí ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ àgbá náà lọ́wọ́.