Windows Nìkan Kò Tó fún Láptọ́ọ̀pù Ilé

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Windows 10. Láptọ́ọ̀pù tó ń lò ó kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, ó ń gbé fíìmù jáde bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àléébù yòówù tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára Windows 10 láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí yóò bá onílé dí i mọ́, àfi tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí Microsoft ṣètò. Oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni wọ́n sì fi òpin sí àfikún náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Tanke tàbí ní Challenge, tòkúnbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí: HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470, Lenovo ThinkPad T460. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ló ti lo irú wọn, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn, tí wọ́n wá gba orí omi dé Nàìjíríà. Ẹ̀rọ gidi ni wọ́n. Bọ́tìnì wọn kì í tètè yọ, bátìrì wọn ṣeé pààrọ̀, ẹni tó bá sì fi SSD sí wọn yóò rí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sí i gbà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìran kẹfà ni Intel tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Windows 11 sì ti ní òun kò fẹ́ Intel tó bá kéré sí ìran kẹjọ, òun sì fẹ́ èròjà ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0 mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní àrùn kankan wá di ohun tí wọ́n ń pè ní àlòpatì.

Ohun tí wọ́n ń bá oníbàárà ṣe ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni pé wọ́n á fọ́ọ̀màtì láptọ́ọ̀pù rẹ̀, wọ́n á fi ọgbọ́n gbé Windows 11 wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fi kíráàkì, ètò tó ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ láìní láísẹ́ǹsì, jí i. Ẹni tó bá ti jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí ètò kíráàkì máa ń kọ́kọ́ béèrè: kí wọ́n pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Bí ìgbà tí onílé so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àlejò tí kò mọ̀ rí lè ráyè wọlé ni. Lórí láptọ́ọ̀pù yìí kan náà sì ni bàbá yóò ti tẹ nọ́ńbà BVN rẹ̀, tí ìyá yóò ti fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, tí ọmọ yóò ti san owó iléèwé. Àǹfààní wo ló wà nínú Windows tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí olè nínú rẹ̀?

Ọ̀nà tó dára jù fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, kí wọ́n sì pín iṣẹ́ ilé láàárín méjèèjì. Linux ni ètò adarí kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Helsinki. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ti ara rẹ̀ jáde. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé jáde ní ọdún 2004, àti Linux Mint wà lára àwọn tí kì í le fún ẹni tó ń ti orí Windows bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Android tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí náà, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń búra pé òun kò lo Linux rí, kó kọ́kọ́ wo àpò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ kò le yé èèyàn. Wọ́n á pín dísìkì sí méjì, apá kan fún Windows, apá kan fún Linux. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ GRUB á gbé orúkọ méjèèjì síwájú ẹni tó jókòó, á sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti mú èyí tó fẹ́. Èyí tó bá mú ni yóò lo gbogbo RAM àti gbogbo agbára ẹ̀rọ títí wọ́n á fi pa á. Àwọn kan máa ń ṣí Linux bíi fèrèsé nínú Windows, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn dára fún ẹni tó ní RAM tó pọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ kò lè gbé méjì lẹ́ẹ̀kan kó má máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú lé Windows lọ pátápátá. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun ní Ìlọrin mu. Ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ti wòlímọ̀, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, CorelDraw ló fi ń bọ́ ọmọ, CorelDraw òde òní kò sì ní ti Linux. Inkscape, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Linux, wà, ó sì dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ fáìlì CDR ni iṣẹ́ tí atẹ̀wé ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí Inkscape bá ṣí wọn, ìlà lè yẹ̀, lẹ́tà lè yí padà, oníbàárà kò sì ní gba àlàyé. Olùṣírò owó tó ń lo Sage náà wà, olùkọ́ tí èsì ìdánwò rẹ̀ wà nínú Excel tí wọ́n ti dì mọ́ àìmọye ìṣirò náà wà. Irú wọn kò lè fi Windows sílẹ̀.

Kí Windows máa ṣe iṣẹ́ tí òun nìkan lè ṣe, kó sì jìnnà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí Linux, tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ ṣì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, gba báǹkì, ímeèlì, ìforúkọsílẹ̀ iléèwé àti gbogbo ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú ayé ìta. Pínpín iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nítorí pé Linux lè ka apá Windows lórí dísìkì, kó sì kọ nǹkan sí i. Oníbàárà fi fọ́tò ìyàwó àti ọkọ ránṣẹ́ sí atẹ̀wé lórí ímeèlì: ó gbà á sílẹ̀ nínú Linux, ó tọ́jú rẹ̀ sínú fódà kan ní apá Windows, ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án sí Windows tí Wi-Fi rẹ̀ wà ní pípa, ó ṣí CorelDraw, fọ́tò ti ń dúró dè é.

Ti fíláàṣì tún wà níbẹ̀. Ta ni kò mọ fáírọ́ọ̀sì tó máa ń sọ gbogbo fódà inú fíláàṣì di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi tẹ ìwé níta? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ àṣekágbá nínú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ á ti máa sunkún. Tó bá kì í bọ inú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tàn sí Linux, fáírọ́ọ̀sì náà kò ní lè ṣiṣẹ́, torí Windows ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn fódà tó rò pé wọ́n ti sọnù á hàn, àwọn ayédèrú ẹ̀gbẹ́ wọn náà á hàn, á kàn pa ayédèrú rẹ́ ni.

Fún ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ní KWASU ní Malete, apá Linux kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbò nìkan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé ló ń lo Linux, òun náà sì ni púpọ̀ nínú sáfà tí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé lórí ń lò. Ọmọ tó ń tẹ àṣẹ lórí rẹ̀ nílé lálaalẹ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà á fún. Ẹni tó sì fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì yóò bá kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà nínú rẹ̀, ti Lárúbáwá náà wà níbẹ̀. Ká má purọ́, Windows náà ní méjèèjì.

Nàìjíríà ti fojú rí ìjà lórí ọ̀rọ̀ Linux àti Windows yìí. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti ra láptọ́ọ̀pù kékeré Classmate ti Intel 17,000 fún àwọn iléèwé, Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ló sì ni Linux tó máa wà nínú wọn. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà ń parí lọ, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ó ní àdéhùn ti wà nílẹ̀ kí àwọn tó gbọ́ pé Nàìjíríà á sanwó Linux náà, á sì tún yọ ọ́ kúrò láti fi Windows sí i. Ariwo náà kárí ayé. Ohun tó yẹ kó dun ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ àjèjì méjì ló ń jà lórí ohun tí ọmọ ilẹ̀ yìí máa lò. Ibi ìpamọ́ inú Classmate ìgbà náà kò ju gígábáìtì mélòó kan lọ, kò lè gba méjèèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde. Dísìkì 256GB tó wà nínú tòkúnbọ̀ òde òní kò mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn láti fi ètò méjì sórí ẹ̀rọ kan kì í ṣe àròsọ ṣá o. Ibi tí wọ́n ti ń pín dísìkì ni fáìlì ti máa ń ṣègbé, ó sì yẹ kí wọ́n ti da gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì kọ síbòmíràn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tí BitLocker, ètò tó ń ti dísìkì pa, bá wà lórí Windows, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó máa ṣí i sórí ìwé, torí ó lè béèrè rẹ̀ lójijì. Kí wọ́n pa Fast Startup, torí tó bá wà níbẹ̀, Windows kì í kú tán tí wọ́n bá pa á, á ṣì di apá tirẹ̀ mú, Linux kò sì ní lè kọ nǹkan síbẹ̀. Inú Windows fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ti bu àyè fún Linux láti ara dísìkì C. 60GB tó Linux bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fíláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀: tí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ, F9 ni wọ́n á tẹ̀ lórí HP, F12 lórí Dell àti Lenovo, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fíláàṣì náà. Ohun tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Linux ṣeé tọ́ wò láti orí fíláàṣì láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀rọ. Kí wọ́n dán Wi-Fi wò, kí wọ́n dán ohùn wò, kí ìyá tó ń lò ó fúnra rẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Iná wá ńkọ́? Bí iná bá lọ nígbà tí dísìkì ń pín lọ́wọ́, tí bátìrì náà sì kú, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bátìrì tòkúnbọ̀ kì í sábà pẹ́. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè dá dúró fún wákàtí kan kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ yìí gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Kó lọ síbi tí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà.

Wàhálà kékeré kan tún wà tí kò sẹ́ni tí kì í bá pàdé: aago. Windows gbà pé àsìkò Nàìjíríà ni aago inú ẹ̀rọ ń kà, Linux gbà pé ti UTC, àsìkò àjùmọ̀lò àgbáyé, ni, wákàtí kan sì ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá kúrò lórí Linux bọ́ sórí Windows lè bá aago tó fi wákàtí kan sẹ́yìn, ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù wo àsìkò ìrun kò sì ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo nínú Linux ló ń yanjú rẹ̀: timedatectl set-local-rtc 1.

Èyí tó burú jù lọ wá láti ọwọ́ Microsoft. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe ààbò kan tí wọ́n ní kò ní kan kọ̀ǹpútà tó ní ètò méjì ló dí Linux lọ́nà lórí ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Ẹni tó bá ní ìdí nìyí tí kò fi fẹ́ méjì kò jẹ̀bi. Àmọ́ Windows tí wọ́n ti yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tí Windows 11 rẹ̀ sì ní láísẹ́ǹsì tòótọ́, kò nílò wàhálà yìí. Ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn àti WhatsApp nìkan ló ń lò náà kò nílò ètò méjì; Linux nìkan tó o.

Dátà kò tún yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nǹkan bí 3GB ni Linux Mint, òfin sì fàyè gba ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti pín in fún gbogbo àgbàlá, tàbí fún gbogbo yàrá inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Tanke. Láti ọdún 2005 títí di 2011, Ubuntu tilẹ̀ máa ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ìyẹn ti dópin, fíláàṣì 8GB ló gba ipò rẹ̀.

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló kù tó yẹ kí wọ́n yí ọwọ́ padà. Kí wọ́n yé sọ fún oníbàárà pé fọ́ọ̀màtì nìkan ló kù. Fífi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows jẹ́ iṣẹ́ tó tó gba owó lé lórí: ọ̀fẹ́ ni Linux, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oníbàárà náà kò sì gbọdọ̀ sanwó títí wọ́n á fi tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan sí Linux, lẹ́ẹ̀kan sí Windows, tí yóò sì rí i pé fáìlì rẹ̀ pé nínú méjèèjì.