Ilé Ta Ni Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Ọ́ Ní Yalode?

Wọ́n ti fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò, abọ́ omi ń yí kiri. Ìyá bàbá rẹ̀ sọ igba náírà sómi, ó ní Ògúnléye. Àbúrò bàbá rẹ̀ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó kan, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilé alágbẹ̀dẹ ni, nínú Iléṣà níbí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn tó ń wo ojú ọ̀run náà ń kómọ. Àpáta tó ń yí oòrùn ká, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, àmì lásán ni wọ́n ń fún un, bí ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ wo 2024 YR4: ọdún tí wọ́n rí i ló ṣáájú, Y sì ni ìdajì kejì oṣù Kejìlá. Ó dìgbà tí ọ̀nà tó ń tọ̀ bá dá wọn lójú kó tó gba nọ́ńbà. Ẹni tó rí i wá ní ọdún 10 láti gbé orúkọ lọ bá ìgbìmọ̀ IAU, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé. Orúkọ ọ̀hún kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ. Olóṣèlú àti ológun ńkọ́? Àfi kó ti kú tó 100 ọdún. (Ó wù mí ká yá òfin yìí lò fún àwọn òpópónà wa.)

Ceres ló gba nọ́ńbà 1. Ní Palermo, ní erékùṣù Sicily, ni Piazzi, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, ti rí i lọ́jọ́ kìíní ọdún 1801. Òrìṣà ọkà ni Ceres, òun ló ń ṣọ́ Sicily. Piazzi wo ilé. Ó tún so orúkọ ọba rẹ̀, Ferdinand, mọ́ ọn; àwọn ará ìlú mìíràn já ìyẹn dànù.

Ọkọ̀ òfuurufú Dawn dé Ceres ní 2015, òrìṣà oko ni wọ́n sì ń wá láti fi sọ àwọn kòtò rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀kan wà tó fẹ̀ ní kìlómítà 260. Ẹni tó gbéra ní Iléṣà á ti dé Èkó kó tó là á já. Yalode ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n ní òrìṣà Dahomey ni, tí àwọn obìnrin ń bọ nígbà ìkórè iṣu.

Létí tèmi, Ìyálóde ni; Ì ló já bọ́ lọ́nà Dahomey. Oyè olórí obìnrin ni lọ́dọ̀ wa, a sì ń fi ki Ọ̀ṣun. Ta ló gbé iṣu dé ibẹ̀? Ilé Ceres ni wọ́n wò, wọn ò ya ilé Ìyálóde. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n lè bi Ẹfúnṣetán Aníwúrà léèrè, Ìyálóde Ìbàdàn tó ní oko rẹpẹtẹ, bóyá ì bá gba ilẹ̀ náà, kó sì béèrè ibi tí odò wà.