Hítà tòkunbọ̀ àti òròmọdìyẹ: ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà lu ihò rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé ní Òṣòdì, Ìsọlọ̀, Èjìgbò àti Mafolúkù, ẹ ń bi wá bóyá a lè tún hítà onígáàsì tòkunbọ̀ ṣe kó máa lo gáàsì inú sílíńdà, ká fi mú òròmọdìyẹ móoru. Èrò tiwa ni pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ju kó gbé dírílì lọ.

A mọ ohun tó ń fà á. Òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílò ooru bí 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èédú ń rú èéfín, kẹrosíìnì wọ́n, iná NEPA kò ṣeé gbọ́kàn lé. Béèyàn bá wá rí hítà tòkunbọ̀ tówó rẹ̀ rọjú, ojú á wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, gáàsì inú páìpù ni ọ̀pọ̀ irú hítà bẹ́ẹ̀ ń lò. Èyí tá à ń rà nínú sílíńdà lọ́dọ̀ wa yàtọ̀: propane àti butane ni. Bẹ́ ẹ bá wọn ìwọ̀n kan náà nínú méjèèjì, agbára inú propane tó bí ìlọ́po méjì àbọ̀ ti gáàsì páìpù. Nítorí náà, nozzle, ihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà jáde, gbọ́dọ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá lù ú kó fẹ̀ sí i, òdìkejì gan-an ló ṣe! Iná á ga, á yí padà sí àwọ̀ ìyeyè, á máa fi dúdú kun ara hítà, á sì máa tú carbon monoxide jáde. Èyí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó lè pa òròmọdìyẹ, ó sì lè pa ọmọ tó ń sùn tì wọ́n.

Ohun kejì: gáàsì páìpù fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ. Propane wúwo tó ìlọ́po kan àbọ̀ afẹ́fẹ́, butane tún wúwo jù bẹ́ẹ̀. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, níbi tí òròmọdìyẹ wà, á máa dúró de iná kékeré kan. Ẹ rántí ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ọdún 2021, nígbà tí gáàsì bú gbàmù ní Ládipọ̀, ní Múṣin tó múlé gbè wá. Kì í ṣe hítà ló fà á, àmọ́ ẹ̀mí lọ sí i.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, èyí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé:

1. Ẹ ka àkọlé ara hítà. Bí kò bá sọ pé ó lè lo propane, tí ẹ kò sì rí ẹ̀yà ààrọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fún un, ẹ fi sílẹ̀.
2. Nozzle ńlá, nozzle iná kékeré tó ń tan án, àti regulator, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Regulator alágbára tí àwọn olóúnjẹ fi ń dáná ńlá kọ́ o.
3. Ẹ má yọ ohun tó ń pa gáàsì bí iná bá kú, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀.
4. Ẹ ra rọ́bà gáàsì tuntun. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ kun gbogbo oríkèé. Bó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé.
5. Kí sílíńdà wà níta, kó dúró ṣánṣán. Kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé nísàlẹ̀, kó ráyè jáde lókè. Kẹ́nikẹ́ni má sùn síbẹ̀.

Ẹ ó ní owó dà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé ẹ rí i, òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe hítà yẹn fún. Èkó ni àwa wà. Lọ́sàn-án, ooru ojú ọjọ́ ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Brooder kékeré tí wọ́n dìídì ṣe fún gáàsì sílíńdà, pẹ̀lú páálí tó dí atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òròmọdìyẹ, tó fún ọ̀pọ̀ wa. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta dá owó rà á, kí wọ́n máa gbà á lò lọ́wọ́ ara wọn, ó sàn ju kí ẹnì kan lu ihò tí kò mọ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jáde kíákíá, kẹ́ ẹ tó pe 767 tàbí 112. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òròmọdìyẹ ṣeé tún rà. Ọmọ tó ń ṣọ́ wọn kò ṣeé rà.