Ọgbọ́n Tí A Fi Ń Ra Ráútà

Bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra ilé, tí ó san owó náà pé, tí ó sì gba ìwé ilé lọ́wọ́, kí ni yóò wí bí ẹni tí ó tà á fún un bá ti yàrá kan pa nínú ilé náà, tí ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ, tí ó sì sọ pé òun nìkan ni yóò máa wọ ibẹ̀? Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé ní Ilé-Ifẹ̀ tí yóò gbà irú ìyẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Síbẹ̀, irú ọjà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń rà lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ọjà náà ni ẹ̀rọ kékeré tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé láìlo okùn, èyí tí wọ́n ń pè ní ráútà.

Ráútà kì í ṣe àpótí lásán. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ó ní ọpọlọ tí ó fi ń ṣe ìṣirò, ó ní ibi tí ó ń kó ìrántí sí, ó sì ní rédíò tí ó fi ń bá fóònù àti kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń darí gbogbo wọn ni ètò tí a kọ sínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní firmware. Ètò yìí ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Òun ni ó ń pín dátà fún olúkúlùkù. Oríṣi méjì ni ètò náà. Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ, tí ó sì fi pa mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tàbí kí ó tún un ṣe. Èkejì ni ètò tí a ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ráútà béèrè, kí ó tó san owó, bóyá ẹ̀rọ náà lè gba ètò tí a ṣí sílẹ̀.

Ọ̀ràn ìsokọ́ra aláìlókùn kì í ṣe àjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ICTP, tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní ìlú Trieste ní Ítálì ní 1964, ṣe àjọṣe láti so àwọn kọ̀ǹpútà inú ọgbà náà pọ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ICTP wà lára wọn, kọ ìwé kan tí ó ń kọ́ni bí a ti ń fi rédíò gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tí okùn kò dé. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n sì pín in fún gbogbo ayé. Ní Kafanchan, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ẹgbẹ́ Fantsuam Foundation dá ìsokọ́ra aláìlókùn tiwọn sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú, wọ́n pè é ní Zittnet. Ẹ̀kọ́ kan ni ó wà nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí: ẹni tí ó mọ inú irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó lè fi í ṣe ohun tí ó wù ú.

Ìtàn ráútà kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa. Ní òpin ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Linksys ní Amẹ́ríkà gbé ráútà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WRT54G. Búlúù àti dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, ó sì ní ọ̀pá méjì tí ó nà sókè bí etí ehoro. Ní 2003, àwọn ọlọ́fìn-íntótó ṣàwárí pé Linux ni ó wà nínú rẹ̀, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé fi ọwọ́ pọ̀ kọ, tí a sì ń pín lábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL. Òfin ìwé-àṣẹ náà kò le: ẹni tí ó bá gba ètò náà, tí ó sì tún pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ fi bí a ti kọ ọ́ hàn án. Àwọn ènìyàn fi ẹjọ́ sùn, ilé-iṣẹ́ náà sì tú ìkọ̀wé ètò náà sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni OpenWrt ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, èyí tí ó ti di ètò tí oríṣi ẹ̀rọ tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ lè lò lónìí. Ní 2008, ẹgbẹ́ tí ó ń dáàbò bo ìwé-àṣẹ náà pe Cisco, tí ó ti ra Linksys, lẹ́jọ́ lórí irú ọ̀ràn yìí. Ní 2009 ni wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 2005, ẹ̀dà karùn-ún WRT54G jáde. Orúkọ kan náà ni, ìrísí kan náà ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n ti yọ Linux kúrò, wọ́n sì ti dín ibi ìrántí rẹ̀ kù sí ìdajì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òmíràn, WRT54GL, fún àwọn tí ó ṣì fẹ́ Linux. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ lè tún ṣe bí ó ti fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtúnṣe. Ẹni tí ó bá wo orúkọ tí kò wo ẹ̀dà lè gbé ohun tí kò wá lọ sílé.

Èrè wo ni ó wà nínú èyí fún ará Ìlàrè? Bí ẹnìkan bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò náà, tí ènìyàn mẹ́wàá sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni pé bí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wo fídíò, iṣẹ́ àwọn yòókù a dúró. Bí ìlà níbi ẹ̀rọ omi ni ó rí. Bí ẹnìkan bá gbé àgbá ńlá síbi ẹ̀rọ omi, tí ọmọ kékeré sì mú kọ́ọ̀bù kan dání, kò yẹ kí ọmọ náà dúró títí àgbá yóò fi kún. Ètò bí OpenWrt lè tò ìlà yìí kí ó gún, kí kọ́ọ̀bù kékeré máa kọjá láàárín àwọn àgbá ńlá. Ó tún lè fi ààlà sí iye tí olúkúlùkù yóò lò. Níbi tí dátà ti wọ́n, ọgbọ́n yìí kì í ṣe eré, owó ni.

Èrè kejì ni ààbò. Ní 2016, ètò búburú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń wọ inú àwọn kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé kò ju pé ó ń dán pásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ wò, èyí tí àwọn olówó ẹ̀rọ kò yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìkọlù kan tí ó jẹ mọ́ Mirai da ráútà àwọn oníbàárà bí 900,000 rú ní Jámánì. Ní 2018, wọ́n rí òmíràn, VPNFilter, tí ó ti wọ ẹ̀rọ tí kò dín ní 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54. Ihò a máa wà nínú gbogbo ètò, ìbáà ṣí sílẹ̀, ìbáà pa mọ́. Ìyàtọ̀ ni ẹni tí yóò dí i. Ilé-iṣẹ́ a máa ṣe ẹ̀rọ tuntun, a sì máa gbàgbé ti àtijọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí a rà ní owó iyebíye di ilé tí ògiri rẹ̀ lanu, tí aláǹgbá sì ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ètò tí a ṣí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ alágbàtọ́, wọ́n sì lè máa tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe níwọ̀n ìgbà tí agbára rẹ̀ bá gbà á. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni olè yóò tètè rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ni ó mọ bí a ti ń ṣe àgádágodo, síbẹ̀ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè ṣí i wẹ́rẹ́. Nínú kọ́kọ́rọ́ ni agbára wà, kì í ṣe nínú bíbo iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ náà le, àti pé ẹ̀rọ lè kú sí ènìyàn lọ́wọ́. Òtítọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí a fi í pa mọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí a ń kọ ètò tuntun sínú ráútà, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́. Olùtà sì lè kọ̀ láti gbà á padà. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣòro kíkọ́ kì í ṣe ìdí láti má kọ́. Ní 2024, àwọn onísẹ́ OpenWrt pẹ̀lú Software Freedom Conservancy gbé ráútà tiwọn jáde, OpenWrt One, tí ó ní ibi ìrántí méjì, kí èkejì lè gba ẹ̀rọ là bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Èyí fi hàn pé a lè ṣe ẹ̀rọ tí kò ní fìyà jẹ ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́.

Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó rà. Èkíní, kí ó dojú ẹ̀rọ dé, kí ó ka orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó sì wá a nínú àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí OpenWrt gbà. Èkejì, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ má dín ní mẹ́gábáìtì 16, kí ibi ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ má sì dín ní 128. Àwọn tí ó ní 4 àti 32 ti di ohun àtijọ́. Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ẹni tí ó ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà: ti MediaTek àti ti Qualcomm Atheros sábà máa ń bá ètò tí a ṣí sílẹ̀ rẹ́, ti Broadcom kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó ní rédíò méjì, nítorí pé gígáhẹ́ẹ̀tì 2.4 a máa la ògiri kọjá ju 5 lọ, ṣùgbọ́n 5 a máa yára jù ú lọ nítòsí. Ẹ̀karùn-ún, kí ó jẹ́ èyí tí ń lo fóòtì 12, tí a lè so mọ́ bátìrì nígbà tí kò bá sí iná.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí kò ní dúró níwájú olùtà bí ẹni tí ojú ń fọ́. Yóò béèrè, yóò kà, yóò sì mọ ìdí tí ó fi yan èyí tí ó yàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè; àwọn tí ó kọ ètò wọ̀nyí ti fi ọgbọ́n tiwọn sílẹ̀ ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ẹni tí ó bá ra ilé, kí ó gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ó tó san owó.