Táyà Tó Yẹ Ọ̀nà Araromi-Obu
Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko Araromi-Obu a máa há ọkọ̀ akẹ́rù kòkó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà làwọn awakọ̀ ń dá lẹ́bi, wọn kì í wo táyà tọ̀kúnbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti dán. Síbẹ̀, táyà ẹrẹ̀ pọ́ńbélé, M/T, kò yẹ ẹni tó tún ń gba títì ọlọ́dà lọ sí Orè: ó ń tètè gbó lórí ọ̀dà, ó sì ń yọ̀ nínú òjò. A/T, tó ń gba ẹrẹ̀ àti ọ̀dà, ló dára jù. Kí olùrà wo òǹkà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 1219 ni ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2019. Ìjọba ló ni títún ọ̀nà ṣe. Ẹ̀mí èrò wà lọ́wọ́ awakọ̀.